Igba Àwòrán Ó Lé Méjìlá

Sewanu kò kàwé dókítà, kò sì kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ilé fọ́tò ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Kí fóònù tó sọ gbogbo ayé di ayàwòrán, òun ni ó ń fọ fọ́tò ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Àgbádárìgì, òun náà ni ó ń to níjátíìfù sínú àpòòwé, tí ó ń kọ orúkọ àti ọjọ́ sí i lára. Bí oníbàárà bá padà wá lẹ́yìn ọdún mẹ́rin pé fọ́tò ìgbéyàwó òun bá òjò lọ, Sewanu á wọ yàrá ẹ̀yìn, kò sì ní pẹ́ tí á fi mú níjátíìfù rẹ̀ jáde bí ẹni pé àná ni wọ́n yà á.

Ìwà yìí ni Rewájú rí lára rẹ̀. Rewájú jẹ́ òṣìṣẹ́ ní ibùdó ìwádìí kékeré kan lẹ́bàá ọ̀sà, níbi tí wọ́n ti ń wádìí àwọn àrùn tí ènìyàn ń kó nínú omi. Ó máa ń wá ya fọ́tò páásípọ́ọ̀tù ní ṣọ́ọ̀bù náà. Nígbà tí ṣọ́ọ̀bù fẹ́ kógbá sílé, ó sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé òun mọ obìnrin kan tí nǹkan kì í sọnù lọ́wọ́ rẹ̀. Báyìí ni ọmọ Ajido, tí bàbá rẹ̀ ń da àwọ̀n, tí ìyá rẹ̀ ń yan ẹja, ṣe di ẹni tó ń jókòó nídìí kọ̀ǹpútà. Rewájú ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lo maikirosíkóòpù. Òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń sọ àwòrán lórúkọ kí ó má baà dàrú. Nígbà tí Sewanu bí ọmọ rẹ̀ kẹta, ìyàwó Rewájú ló wá ń wẹ ọmọ fún un fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Bọ̀dá Rewájú ni ó ń pè é, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán.

Iṣẹ́ ibẹ̀ kò ṣòro láti ṣàlàyé. Wọ́n á wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí abúlé kan, wọ́n á gba ìtọ̀ àwọn ọmọ iléèwé sínú ife oníke, wọ́n á gbé e wálé, wọ́n á sẹ́ ẹ. Ohun tó bá kù lójú asẹ́ ni wọ́n á gbé sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, kámẹ́rà tó wà lórí maikirosíkóòpù á sì yà á ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Bí ọmọ náà bá ní àtọ̀sí ajá, àìsàn tó ń mú kí ènìyàn máa tọ ẹ̀jẹ̀, ẹyin aràn tó ń fà á á hàn nínú àwòrán. Ẹyin náà gùn díẹ̀, ó mọ́ gaara, ẹ̀gún tín-ín-rín kan sì yọ ní ìdí rẹ̀. Ẹ̀gún yẹn ni wọ́n fi ń dá a mọ̀. Abúlé tí wọ́n bá ti rí i, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́, àwọn tó ń pín oògùn á sì wá fi ọ̀pá wọ̀n gíga ọmọ kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè mọ iye hóró tí yóò lò. Abúlé tí wọn kò bá ti rí i, wọ́n á ré e kọjá.

Iṣẹ́ Sewanu bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ya àwòrán tán. Òun ló ń gbà á, tó ń tò ó, tó ń tọ́jú rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ, àwòrán tó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ ti lé ní ọ̀kẹ́ kan, àwọn díìsìkì tó kó wọn sí sì ti kún dẹ́múdẹ́mú. Ọ̀nà méjì ni ènìyàn lè gbà fún àwòrán pọ̀ kí ó má baà gba àyè. Ọ̀kan ni èyí tí fóònù ń lò. Kọ̀ǹpútà á wo ohun tí ojú kò ní tètè mọ̀ pé ó ti lọ, á sì jù ú nù. Fọ́tò ọjọ́ìbí lè fara da ìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ̀gún ìdí ẹyin aràn lè bá a lọ pátápátá. Ọ̀nà kejì kì í ju nǹkankan nù. Dípò kí ó kọ ọ́ ní ẹgbẹ̀rún ìgbà pé ibí yìí funfun, á kọ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀kan, á sì fi iye ìgbà sí i. Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ wò ó, gbogbo rẹ̀ á tú padà bó ṣe wà. Bí ẹnikẹ́ni bá bi Sewanu, á ní bí ìyá òun ṣe ń to ẹja yíyan sínú apẹ̀rẹ̀ nìyẹn, orí sí ìrù, ìrù sí orí. Kò sí ẹja kankan tí wọ́n gé, síbẹ̀ apẹ̀rẹ̀ á gbà ju bó ṣe yẹ lọ.

Ní oṣù kejì ọdún 2024, Dókítà Zulaikha, ọ̀gá ibùdó náà, pè é sí ọ́fíìsì. Obìnrin náà kò tíì pé ogójì ọdún, ara rẹ̀ sì balẹ̀ gan-an. Ó ní ilé ìpamọ́ kan ní òkè òkun ti gbà láti bá wọn tọ́jú gbogbo àwòrán wọn, kí àwọn onímọ̀ ibòmíràn lè máa rí i lò.

"Wọ́n ti fi ètò tí a máa lò ránṣẹ́, Àǹtí Sewanu. Á fún gbogbo rẹ̀ pọ̀ láìju nǹkankan nù. Á sì fún àwòrán kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, bí ìtẹ̀ka ọwọ́ ènìyàn."

"Ṣé láti ara orúkọ tí mo kọ sí i ni?"

"Rárá o. Láti inú àwòrán fúnra rẹ̀ ni. Bí ẹ bá yí orúkọ àwòrán padà ní ìgbà ogún, nọ́ńbà yẹn kò ní yí. Ṣùgbọ́n bí àmì kékeré kan ṣoṣo bá yàtọ̀ nínú àwòrán, á yí. Bí méjì bá ní nọ́ńbà kan náà, a jẹ́ pé àwòrán kan ni wọ́n. Ètò náà á tọ́jú ẹyọ kan, á fi èkejì sílẹ̀."

Sewanu tan ètò náà ní ọjọ́ Ajé. Ètò náà ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, wọ́n ń rọ epo sí jẹnẹrétọ̀ kí iná má baà kú mọ́ ọn lójú ọ̀nà. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, nǹkan bíi agogo mẹ́wàá, ó parí. Àbọ̀ iṣẹ́ jáde lójú kọ̀ǹpútà: orúkọ abúlé, iye àwòrán, àyè tí wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀, àyè tí wọ́n ń gbà báyìí. Inú Sewanu dùn bó ṣe ń kà á. Apa ti dín sí ìdajì. Ajido ti dín ju ìdajì lọ. Ó ń kà á lọ sí ìsàlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ife tíì, ó wá kan ìlà kan.

Àgọ́ Zósù. Àwòrán igba ó lé méjìlá. Àyè tí wọ́n ń gbà báyìí: òdo.

Ó rò pé ẹ̀rọ ló ṣìṣe. Ó pa ètò náà, ó tún un tàn fún Àgọ́ Zósù nìkan papọ̀ mọ́ Apa, abúlé tí ètò náà tọ́ka sí nínú ìlà yẹn. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Òdo náà ni. Ètò náà sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: àwòrán kìíní láti Zósù, wo Apa, àwòrán kejì láti Zósù, wo Apa, bẹ́ẹ̀ títí dé igba ó lé méjìlá. Kò sí ẹyọ kan tó yẹ̀.

Ó ṣí méjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Èyí tó wà lápá òsì, Apa ni wọ́n kọ sí i, ọmọ kọkàndínlọ́gbọ̀n. Èyí tó wà lápá ọ̀tún, Àgọ́ Zósù ni, ọmọ kẹtàdínlógún. Afẹ́fẹ́ kékeré kan tó há sábẹ́ gíláàsì wà ní igun òkè àwòrán Apa, ó rí róbótó bí ojú abẹ́rẹ́. Òun náà ló wà ní igun òkè àwòrán Zósù. Fọ́nrán òwú kan dùbúlẹ̀ ní àárín, ó ká bí ìwọ̀ ẹja. Ó wà nínú méjèèjì, ó sì ká bákan náà. Kò sí bí ìtọ̀ ọmọ méjì, láti abúlé méjì, ní ọ̀sẹ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ṣe lè ní òwú kan náà nínú.

Ó ṣí òmíràn. Ó ṣí ogún. Nígbà tó yá ó rí i pé òun ti dìde dúró, kò sì mọ ìgbà tí òun dìde.

Kì í ṣe irọ́ tí ó rí nìkan ni ó mú kí àyà rẹ̀ já. Ọmọ kẹtàdínlógún ní Àgọ́ Zósù, ó mọ̀ ọ́n. Mercy ni, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Ruth.

Ruth fẹ́ ọkọ sí Àgọ́ Zósù, abúlé kékeré kan tí kò ju ìrìn ọkọ̀ díẹ̀ lọ sí Ajido. Ọdún méjì ṣáájú ọjọ́ yìí, ó mú Mercy wá sí ilé Sewanu ní ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ náà jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ruth ní ẹ̀jẹ̀ máa ń wà lára aṣọ rẹ̀, kò sì ní àkókò kan pàtó tí ó ń wá. Ó ní òun gbọ́ pé omi lè fa irú rẹ̀. Sewanu kò fi nǹkankan pamọ́ fún un. Ó tan kọ̀ǹpútà kékeré tó máa ń gbé wálé, ó wá nọ́ńbà ọmọ náà, ó ṣí àwòrán mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

"Ẹ wò ó, Àǹtí mi. Ti Mercy rèé. Wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dún tó kọjá pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó mọ́ tónítóní. Kì í ṣe omi."

Ọ̀rọ̀ tó sọ nìyẹn, ó sì sọ ọ́ pẹ̀lú ìdánilójú ẹni tí nǹkan kì í sọnù lọ́wọ́ rẹ̀. Ruth gbà á gbọ́. Nígbà tó mú ọmọ lọ sí ilé ìlera, ó sọ fún nọ́ọ̀sì ibẹ̀ pé àbúrò òun tó ń ṣiṣẹ́ ìwádìí ti ní kì í ṣe aràn. Nọ́ọ̀sì fún wọn ní oògùn mìíràn. Ẹ̀jẹ̀ kò dá. Ní Zósù, wọ́n ní nǹkan oṣù ọmọ náà ló tètè dé. Àwọn mìíràn sọ ohun tó burú ju ìyẹn lọ, wọ́n sì ń sọ ọ́ níbi tí Mercy ti lè gbọ́. Àwọn ọmọ iléèwé ń wo ẹ̀yìn yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ bó bá dìde. Nígbà tó ṣe, kò lọ sí iléèwé mọ́.

Gbogbo èyí ni Sewanu mọ̀. Ohun tí kò mọ̀ ni pé ìtọ̀ ọmọ Apa kan tí òun kò rí rí ni òun ṣí fún ẹ̀gbọ́n òun ní ọjọ́ Àìkú yẹn.

Lẹ́tà méjì tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ ẹni tó mú àwòrán wálé máa ń wà lára orúkọ àwòrán. Kò nílò láti wò ó. Ẹni kan ṣoṣo ló ń lọ sí apá ibẹ̀.

Ó bá Rewájú ní ẹ̀yìnkùlé, níbi tí ó ti ń fọ gíláàsì pẹlẹbẹ nínú bàsíà. Ọkùnrin náà ti lé ní àádọ́ta ọdún, irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun. Ó wo ojú Sewanu, ó sì gbé gíláàsì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣé ẹnì kan kú ni?"

"Bọ̀dá Rewájú, àwòrán Àgọ́ Zósù ọdún 2021. Níbo ni ẹ ti yà á?"

Rewájú fa aṣọ ìnuwọ́ láti èjìká, ó nu ìka rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé iṣẹ́ tí wọ́n rán an nìyẹn.

"Jókòó, Sewanu."

"Mi ò jókòó."

"Mo lọ síbẹ̀," ó ní. "Ọlọ́run gbọ́, mo lọ. Mo gba ìtọ̀ gbogbo wọn, ọmọ mẹ́tàléláàádọ́ta. Nígbà tí mo ń bọ̀, ewéko orí omi há sínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, ó kú. Mo wà lórí omi nínú oòrùn láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́. Yìnyín inú kúlà ti yọ́. Àwọn ife kan dànù, ìyókù ti bàjẹ́. Dókítà ní àbọ̀ gbọ́dọ̀ jáde ní ọjọ́ Ẹtì. Mo ní màá fi ti Apa dí àyè rẹ̀ ná, màá padà lọ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, màá sì pààrọ̀ rẹ̀."

"Ṣé ẹ padà lọ?"

"Òjò bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn òjò, àbọ̀ ti jáde. Kò sí ẹni tó bi mí." Ó wo inú bàsíà. "Apa mọ́. Mo sọ fún ara mi pé Zósù náà á mọ́."

Sewanu ń wò ó ràn-ùn. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé ojú tó ti ń rí láti ọdún mẹ́jọ náà ni, kò yí padà. Ojú ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ ni. Ó ń wá ọ̀daràn níbẹ̀, kò rí i.

"Orúkọ Mercy wà nínú wọn," ó ní.

"Mercy wo?"

"Ọmọ Àǹtí mi Ruth. Èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀. Èyí tí mo sọ fún yín nípa rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, tí ẹ ní kí n máa gbàdúrà fún un."

Nígbà náà ni ojú Rewájú yí padà. Ó jókòó sílẹ̀ lórí kọ́nkéré, ẹsẹ̀ rẹ̀ nà síwájú bí ti ọmọdé. Ó ní, "Mi ò mọ̀ pé Zósù ni ọmọ yẹn ń gbé." Ó sọ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀mejì. Sewanu kò dúró gbọ́ ẹ̀ẹ̀kẹta.

Dókítà Zulaikha ń jẹun ọ̀sán nígbà tí Sewanu wọlé. Sewanu gbé kọ̀ǹpútà sí iwájú rẹ̀, ó ṣí àwòrán méjì, ó fi ìka tọ́ka sí òwú. Dókítà wò ó. Ó tẹ bọ́tìnnì, ó wo méjì mìíràn. Ó tún wo méjì mìíràn. Ó ti abọ́ oúnjẹ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ láìwò ó.

"Mélòó?"

"Gbogbo rẹ̀."

"Ṣé abúlé mìíràn wà?"

"Zósù nìkan ni ètò náà mú."

Àbọ̀ ìwádìí tí Dókítà kọ lórí iṣẹ́ yẹn ti jáde nínú ìwé àwọn onímọ̀, orúkọ rẹ̀ ló síwájú. Sewanu rí i bí ó ṣe ń ronú, ó sì bẹ̀rù ohun tó lè ti ẹnu rẹ̀ jáde. Bó bá ní kí wọ́n pa àwòrán Zósù rẹ́, kí wọ́n sì fi ìyókù ránṣẹ́ sí òkè òkun, kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Ilé ìpamọ́ kò ní béèrè abúlé tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

"Ẹ má pa nǹkankan rẹ́," ni ohun tí Dókítà sọ níkẹyìn. "Àwòrán kan kò gbọ́dọ̀ kúrò níbi tó wà. Màá kọ lẹ́tà sí àwọn tó yẹ." Ó dìde, ó tún jókòó. "Ọdún mẹ́ta, Àǹtí Sewanu. Àwọn tó ń pín oògùn lọ sí Ajido, wọ́n fi ọkọ̀ kọjá níwájú Zósù. Èmi ni mo fún wọn ní ìwé tí wọ́n ń tẹ̀ lé."

Ní ọjọ́ kejì, Sewanu wọ ọkọ̀ lọ sí Àgọ́ Zósù kí ẹnikẹ́ni mìíràn tó débẹ̀. Ní gbogbo ojú ọ̀nà ó ń to ọ̀rọ̀ tí yóò sọ, ṣùgbọ́n nígbà tó gúnlẹ̀ tó rí Ruth tó jókòó sí iwájú ilé, tó ń ṣa ìdọ̀tí kúrò nínú edé, gbogbo rẹ̀ fò lọ. Ó kúnlẹ̀ kí i. Ó sì sọ ọ́ bó ṣe rí: àwòrán tí òun fi hàn án kì í ṣe ti Mercy. Wọn kò yẹ ìtọ̀ Mercy wò rí. Wọn kò yẹ ti ọmọ Zósù kankan wò.

Ruth kò dá ọwọ́ dúró. Ó ń ṣa edé lọ. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Sewanu ní láti tẹ̀ síwájú kí ó tó gbọ́.

"Ọmọ yìí bẹ̀ mí. Ó ní, Màámi, mi ò ṣe nǹkankan. Mo ní irọ́ ló ń pa. Mo fi igi nà án, Sewanu. Mo nà án nítorí pé àbúrò mi ti wò ó nínú ẹ̀rọ, àbúrò mi kò sì lè purọ́ fún mi."

"Mi ò mọ̀, Àǹtí mi."

"Mo mọ̀ pé o ò mọ̀." Ruth gbé ojú sókè ní ìgbà àkọ́kọ́. "Nọvi ṣie, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n má tíì wọlé. Lọ jókòó sí ẹ̀bá omi, màá pè ọ́."

Nọvi ṣie, àbúrò mi, ni wọ́n ń pe ara wọn ní èdè Gun láti kékeré. Sewanu lọ jókòó sí ẹ̀bá omi. Níbẹ̀, lára ewé tó rì sí etí bèbè, ó rí ìṣáwùrú wẹ́wẹ́, àwọn ìgbín odò tí aràn náà máa ń gbé inú wọn kí ó tó bọ́ sára ènìyàn. Wọ́n pọ̀ lọ bí iyanrìn. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ pẹ̀lú ojú tó là ì bá ti rí wọn. Òun fúnra rẹ̀ ti gúnlẹ̀ sí ibí yìí ní ìgbà tí kò níye, ó bá wọn ṣe ìsọmọlórúkọ, ó bá wọn ṣe ìsìnkú, kò wolẹ̀ rí. Ó fi ọwọ́ di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tó wà níbẹ̀ mú.

Ruth kò pè é ní ọjọ́ yẹn. Nígbà tí ọkọ̀ tó kẹ́yìn fẹ́ gbéra, Sewanu padà sí Àgbádárìgì.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Dókítà Zulaikha fúnra rẹ̀ lọ. Wọ́n gbé maikirosíkóòpù àti bátìrì dání, wọ́n tẹ́ tábìlì sí abẹ́ igi àgbọn, ojú gbogbo ìlú ni wọ́n sì ti ṣe é. Nínú ọmọ mẹ́tàléláàádọ́ta ìjọ́sí, wọ́n rí mẹ́rìnlélógójì. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n nínú wọn ló ní ẹyin aràn náà. Bí wọ́n ṣe ń pe èsì, Sewanu ń kọ ọ́, àwọn òbí sì dúró yí tábìlì ká. Bàbá àgbàlagbà kan bèèrè bóyá ohun tó ṣe ọmọ òun àgbà nìyí, èyí tó kú lọ́dún tó kọjá. Dókítà sọ fún un pé òun kò mọ̀. Ó ní òun kò lè purọ́ fún un, òun kò mọ̀.

Ti Mercy kò nílò ẹni tó ń wá a. Bí Sewanu ṣe fi ojú lé awò, ẹyin mẹ́jọ ló wà níbẹ̀ ní ojú kan ṣoṣo, ẹ̀gún ìdí wọn hàn ketekete. Ó yà á ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Nígbà tó ya ìkẹrin tán, ó kúrò nídìí tábìlì, ó lọ dúró sí ẹ̀yìn ilé ẹnì kan.

Oògùn dé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ̀jẹ̀ Mercy dá kí oṣù náà tó parí, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù fún àyẹ̀wò inú, wọ́n ní àpò ìtọ̀ rẹ̀ ti ní ojú egbò, yóò sì máa padà wá kí wọ́n máa wò ó. Ní ti àwọn ọmọ mẹ́sàn-án tí wọn kò rí, Sewanu mú ìwé, ó kọ orúkọ wọn sílẹ̀, ó ń pe fóònù kiri. Méjì wà ní Kùtọnu pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n ìyá wọn. Ọ̀kan ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ ní Ọ̀jọ́. Ó rí méje kí ọdún tó parí, ó sì rí i dájú pé oògùn dé ọ̀dọ̀ wọn. Méjì kù tí kò sí ẹni tó mọ ibi tí wọ́n wà.

Dókítà kọ lẹ́tà sí àwọn tó ń gbé ìwé àwọn onímọ̀ jáde, ó ní kí wọ́n yọ ohun tí òun kọ kúrò, ó sì sọ ìdí rẹ̀ láìfi nǹkankan bò. Àwọn tó ń gbọ́ bùkátà ìwádìí náà dá ọwọ́ dúró fún oṣù mẹ́fà. Ní àárín àsìkò yẹn, wọ́n tún yẹ gbogbo àwòrán wò láti ìbẹ̀rẹ̀, abúlé kan tẹ̀ lé òmíràn. Àwọn àwòrán irọ́ ti Zósù ṣì wà níbi tí wọ́n wà. Ohun tó yàtọ̀ ni àlàyé tí Sewanu kọ mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pé kì í ṣe ti àwọn ọmọ tí orúkọ wọn wà lára rẹ̀. Ó lè fi ètò kan kọ ọ́ mọ́ gbogbo rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Ó fi ọwọ́ kọ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ méjì ló gbà á.

Rewájú kò dúró dìgbà tí wọ́n máa lé e. Ó kọ ohun tó ṣe sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ó fọwọ́ sí i, ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ tó ń gbé ní Otto. Ìyàwó rẹ̀ wá sí ilé Sewanu ní ẹ̀ẹ̀kan. Wọ́n jókòó, wọ́n mu omi, wọ́n sọ̀rọ̀ nípa ọmọ kẹta tó ti ń lọ iléèwé báyìí. Kò sí ẹni tó dárúkọ Rewájú nínú wọn. Nígbà tí obìnrin náà dìde, Sewanu sìn ín dé ojú títì, wọ́n sì di ọwọ́ ara wọn mú títí ọkọ̀ fi dé.

Ruth ń bá Sewanu sọ̀rọ̀. Ó ń gbé fóònù rẹ̀, ó ń fi ẹja ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá di ti àìsàn, ti oògùn, tàbí ti ìwé, Ruth kì í bi í léèrè mọ́. Ó ti wá ẹlòmíràn tí yóò máa bi.

Mercy ti padà sí iléèwé, kíláàsì méjì sẹ́yìn àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà ìsinmi, ó wá sí ibùdó ìwádìí fúnra rẹ̀, ó wọ ọkọ̀ láti Zósù láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ti ga, ó fẹ́ẹ̀ ga tó Sewanu. Ó ní òun fẹ́ rí i.

Sewanu mọ ohun tó ń bèèrè. Ó ṣí àwòrán tuntun náà, ó sì fi àga rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ọmọ náà sún mọ́ ọn, ó fi ìka tọ́ka sí ẹ̀gún ìdí ọ̀kan nínú àwọn ẹyin náà, kò kàn án.

"Èyí ni?"

"Òun ni."

"Ó kéré." Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà, láìyí ojú kúrò lára kọ̀ǹpútà, ó ní, "Àǹtí, ẹ̀yin lẹ sọ fún Màámi pé kò sí nǹkankan lára mi, àbí?"

"Èmi ni."

Mercy mi orí pé òun ti gbọ́. Ó tẹ bọ́tìnnì tí Sewanu ti fi hàn án, àwòrán kejì jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ẹyin inú rẹ̀ sókè ní ohùn jẹ́jẹ́, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, Sewanu dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń bá a kà á.